Ọwọ́ Tí Ń Sín Ìlẹ̀kẹ̀: Ìtàn Iṣẹ́ Ìlẹ̀kẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ dé Òkè-Ògùn

Ẹni tí ó bá wá bá wọn ṣe ọdún Ifá ní Òkàkà, tàbí ní ìlú mìíràn ní agbègbè Òkè-Ògùn, kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ìyẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ yóò ti rí ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ wà ní ọrùn ọwọ́ òsì babaláwo. Ó wà ní ọrùn ìyánífá. Ó wà lára àpò Ifá àti ní ìdí ìrùkẹ̀rẹ̀. Ó tún wà lórí àtẹ àwọn tí ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń ṣe ọdún. Àlejò a máa bèèrè ohun tí àwọ̀ rẹ̀ dúró fún. Olùwádìí a máa bèèrè bí ó ti pẹ́ tó. Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni: ta ni ó sín in, kí sì ni onítọ̀hún ń rí jẹ lórí rẹ̀?

Nígbà tí a bá ń pìtàn ìlẹ̀kẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ti ọba ni a sábà máa ń sọ: adé, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, bàtà tí a fi ìlẹ̀kẹ̀ dá lára. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ, nítorí pé ìlẹ̀kẹ̀ ni a fi ń mọ ọba. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ni ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan nínú wọn kò ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn obìnrin, fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe àbọ̀ṣẹ́ ni, ìyẹn iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́, nígbà tí a bá ti oko tàbí ọjà dé. Ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti ń wá ti yí padà léraléra láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Ọwọ́ tí ń sín in ni kò tíì kúrò nílẹ̀ yìí. Ìtàn ọwọ́ náà ni èyí.

Ìgbà tí iná ń jó ní Igbó Olókun

Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ̀rí inú ilẹ̀ ti lágbára jù lọ. Ní apá àríwá ìlú náà ni Igbó Olókun wà, igbó tí a yà sọ́tọ̀ fún Olókun, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọlọ́rọ̀ àti oní-ìlẹ̀kẹ̀. Ní ọdún 1910, ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀, ó sì rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì aláwọ̀ oríṣiríṣi lẹ̀ mọ́ nínú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ohun tí púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ gbà ni pé láti ilẹ̀ Lárúbáwá tàbí láti Yúróòpù ni gíláàsì náà ti wá, pé ṣe ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún un yọ́.

Ìwádìí ọmọ Yorùbá kan ni ó yí èrò yìí padà. Awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babátúndé Babalọlá gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Olókun ní 2011 àti 2012. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí ó rí ju 12,000 lọ. Àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì sì ju 800 lọ. Nígbà tí a yẹ ohun tí ó wà nínú gíláàsì náà wò, a rí i pé èròjà lime àti alumina pọ̀ nínú rẹ̀ ní ọ̀nà tí kò bá ti Lárúbáwá, ti Íńdíà tàbí ti Yúróòpù mu. Ilẹ̀ Ifẹ̀ àti àyíká rẹ̀ ni èròjà rẹ̀ ti jáde. Ní ọdún 2017 ni a tẹ àbájáde iṣẹ́ náà jáde fún gbogbo ayé. Láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún ni iná ìlẹ̀kẹ̀ ń jó níbẹ̀. Irú ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ni a sì ti rí ní Gao, ní ilẹ̀ Málì, ní etí aṣálẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ọjà Ifẹ̀ rin ìrìn àjò tó jìn.

Iṣẹ́ náà gba ọgbọ́n. A ó yọ́ èròjà nínú ìkòkò títí yóò fi dà bí oyin. A ó fà á gùn nígbà tí ó ṣì gbóná, kí ihò inú rẹ̀ má baà dí. A ó gé e ní kéékèèké nígbà tí ó bá tutù. Lẹ́yìn náà ni a ó dán etí rẹ̀. Aláwọ̀ aró ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ṣe. Bí ènìyàn bá wo àwọn ère orí Ifẹ̀, ti idẹ àti ti amọ̀, yóò rí ìlẹ̀kẹ̀ ní orí àti ní ọrùn wọn. Orúkọ àwọn tí ó jókòó ti iná yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wa. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni ó jẹ́rìí fún wọn.

Ọjà Ọ̀yọ́-Ilé

Láti Ifẹ̀, ìtàn náà gba ọ̀nà àríwá wọ inú ọ̀dàn. Ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ìpẹ̀kun àríwá agbègbè Òkè-Ògùn, nínú ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Old Oyo National Park. Ìgbòho, níbi tí àwọn Aláàfin fi ṣe olú-ìlú fún ìgbà kan ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, wà ní agbègbè yìí kan náà. Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òtù àti Òkàkà kì í ṣe ìlú tí ó wà ní ẹ̀yìn ayé nígbà náà. Wọ́n wà lábẹ́ òjìji ìlú tí agbára rẹ̀ ga jù lọ nílẹ̀ Yorùbá.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀, John, dé Ọ̀yọ́-Ilé, tí wọ́n ń pè ní Katunga. Nínú ìwé ìrìn àjò wọn, tí a tẹ̀ ní 1832, wọ́n sọ nípa òkúta iyebíye kan tí tọmọdé tàgbà ń wá. Ègé wẹ́wẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ni, funfun, àwọ̀ ewé, àti oríṣiríṣi àwọ̀ aró, tí ó há sínú ohun tí ó dà bí amọ̀. Wọ́n ní ilẹ̀ ni a ti ń wú u, ní ìlú kan tí ń jẹ́ Ifẹ̀, níbi tí a ti dá àwọn ẹni àkọ́kọ́, àti pé ìrìn oṣù mẹ́rin ni ibẹ̀ sí Ọ̀yọ́-Ilé.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí Babalọlá rí ní Igbó Olókun yóò mọ ohun tí àwọn Lander rí. Ó jọ pé àfọ́kù ìkòkò ìyọ́-gíláàsì ni, pẹ̀lú gíláàsì tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yìí kún fún ẹ̀kọ́. Iná Ifẹ̀ ti kú láti ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń wú ohun tí ó ṣẹ́ kù, wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà Ọ̀yọ́, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì ń rí i rà. Ní ti oṣù mẹ́rin yẹn, ẹni tí ó bá ń fẹsẹ̀ rìn kò lè lo ìdá kékeré nínú rẹ̀ láti Ifẹ̀ dé Ọ̀yọ́-Ilé. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́jà, nítorí pé ohun tí ó bá ti ọ̀nà jíjìn wá ni owó rẹ̀ máa ń ga.

Òkúta pupa tí ó bá àwọn tí ogun lé lọ

Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Ọ̀yọ́-Ilé fi tú. Àwọn ará ìlú sá lọ sí ìhà gúúsù, àwọn kan dúró ní àwọn ìlú Òkè-Ògùn, àwọn mìíràn lọ sí Ìlọrin. Lára àwọn tí ó lọ sí Ìlọrin ni àwọn tí ń gbẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ òkúta. Ìdílé àwọn oníṣẹ́ náà ní Ìlọrin tọ́ka sí Ọ̀yọ́-Ilé gẹ́gẹ́ bí orírun wọn.

Lántànà ni orúkọ ìlẹ̀kẹ̀ wọn. Òkúta pupa ni, tí àwọn oníṣòwò Hausa ń gbé wá láti òkè ọya. A ó fọ́ òkúta náà sí ìwọ̀n, a ó fi irin tín-ín-rín lu ihò sí i láti ìhín àti láti ọ̀hún títí ihò méjèèjì yóò fi pàdé, a ó lọ̀ ọ́ lórí òkúta títẹ́, lẹ́yìn èyí ni a ó dán an títí yóò fi máa kọ mànà. Bí irin bá ṣìnà díẹ̀, òkúta yóò là, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ yóò sì ṣòfò. Ọba, ìjòyè àti ìyàwó tuntun ni ó ń lò ó. Iṣẹ́ ọkùnrin ni, iṣẹ́ òòjọ́ sì ni. Kì í ṣe àbọ̀ṣẹ́.

Ní ọ̀rúndún ogún ni iṣẹ́ lántànà rẹ̀yìn. Ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi ẹ̀rọ ṣe ní òkè òkun ń wọlé, owó rẹ̀ sì kéré sí ti èyí tí a fi ọwọ́ gbẹ́. Nígbà tí Ann O'Hear kọ ìtàn iṣẹ́ náà jáde ní 1986, ohun tí ó ń kọ nípa rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àná. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa tí àwọn ìdílé kan ní Òkè-Ògùn jogún lọ́wọ́ ìyá wọn àgbà lè jẹ́ lántànà. Ẹni tí ó bá ní i, kí ó má tà á ní owó ìlẹ̀kẹ̀ ọjà.

Lágídígba, iṣẹ́ àwọn ìyá

Bí lántànà ti jẹ́ ti ọkùnrin, bẹ́ẹ̀ ni lágídígba jẹ́ ti obìnrin. Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí a tó tẹ̀ ẹ́ ní 1921, ka ṣíṣe ìlẹ̀kẹ̀ láti ara èèpo èkùrọ́ àti èèpo àgbọn mọ́ iṣẹ́ àwọn obìnrin. Èèpo líle yìí ni a ó fọ́ sí wẹ́wẹ́, a ó lu, a ó sì fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi rí roboto. Ìdí ni a ń so ó mọ́. Ó dúdú, kò wúwo, kò sì náni ní owó èròjà, nítorí pé ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn epo àti àdín ni a fi ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ Awo gbọ̀ngbọ̀n. Igi ọ̀pẹ tí ó fún Ọ̀rúnmìlà ní ikin náà ni ó fún àwọn ìyá ní lágídígba. Inú agbọ̀n kan náà ni epo, àdín, ìgbálẹ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ ti jáde. Obìnrin tí ó ti pa èkùrọ́ tán ní ọ̀sán lè jókòó ti èèpo rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí ó bá rí níbẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, kò sí nínú owó oko ọkọ. Àbọ̀ṣẹ́ gan-an nìyẹn: kò gba ilẹ̀, kò gba owó ńlá, àkókò àti sùúrù ni ó gbà.

Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ni Yorùbá sì fi pa òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe náà ń sọ nípa ọmọ, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí a rántí rẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú. Lágídígba tòótọ́ ti ṣọ̀wọ́n lónìí. Kò sí ogun tí ó lé e lọ, kò sí òfin tí ó dè é. Ṣe ni a kàn rí èyí tí kò ni wá lára, a sì jẹ́ kí ti ẹ̀yìnkùlé wa sọnù.

Nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ òyìnbó dé

Láti ìgbà tí àwọn ará Potogí ti ń bá etíkun ṣòwò ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni iyùn àti gíláàsì òkè òkun ti ń wọ ilẹ̀ yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó wá pọ̀ bí iyanrìn. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ láti Venice ní ilẹ̀ Ítálì àti láti Bohemia, tí ó wà ní ilẹ̀ Czech lónìí, kún ọjà. Wọ́n kéré, wọ́n dọ́gba, àwọ̀ wọn sì pọ̀.

Ọwọ́ Yorùbá kò jókòó wo ọjà náà lásán. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ yìí ni ó jẹ́ kí a lè fi ìlẹ̀kẹ̀ bo gbogbo ara adé láti òkè délẹ̀, pẹ̀lú ojú, ẹyẹ àti ìbòjú jìnwìnnì tí a mọ̀ lónìí. Àwọn oníṣẹ́ adé, bíi ìdílé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, di olókìkí; ọba a máa ránṣẹ́ pè wọ́n, wọn a sì máa gbé ní ààfin títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ní Òṣogbo, Jímọ̀ Buraimoh, tí a bí ní 1943, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán ní ọdún 1964 nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo, ó sì sọ ohun tí a ń fi ṣe adé di ohun tí a ń gbé kọ́ ògiri káàkiri ayé.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níhìn-ín kì í ṣe pé ohun òkè òkun burú. Ìlẹ̀kẹ̀ Venice kò mọ adé. Ọwọ́ Ẹ̀fọ̀n ni ó sọ ọ́ di adé. Ohun tí a rà wọlé di tiwa nígbà tí a fi ìmọ̀ tiwa sín in.

Ìdè Ifá: ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe àti ohun tí Awo ń ṣe

Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀. Funfun ni ti Ọbàtálá, ṣẹ̀ṣẹ̀-ẹfun. Pupa àti funfun ni ti Ṣàngó. Àwọ̀ méjì ni ti Ọ̀rúnmìlà. Ọ̀kan tutù bí ewé, èkejì pọ́n bí ilẹ̀ tàbí bí oyin ìgàn. Ọrùn ọwọ́ òsì ni a ń de ìdè mọ́. Ọ̀dìgbà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èjìká ni babaláwo ń gbé e kọ́. Nínú ẹ̀kọ́ Ifá, ìdè jẹ́ àmì májẹ̀mú tí ó wà láàrin Ọ̀rúnmìlà àti Ikú, pé ẹni tí Ikú bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ mú un kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ó yẹ kí àlejò mọ ìyàtọ̀ kan níhìn-ín, kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú. Ẹni tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ a máa ṣe ìdè, a sì máa tà á. Owó tí ó gbà, owó èròjà àti owó iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lórí àtẹ kò tíì ní àṣẹ. Babaláwo ni yóò fi ewé àti ìyẹ̀rẹ̀-òsùn ṣe ohun tí ó yẹ sí i kí ó tó di ìdè lọ́wọ́ ẹni. Nítorí náà, oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ sọ pé òun ń ta ààbò, ẹni tí ó sì rà á fún ẹwà lásán kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà fi ìlà yìí sí ibẹ̀ kí ọjà má baà jẹ ìsìn, kí ìsìn náà má sì gba oúnjẹ lẹ́nu oníṣẹ́.

Ìlẹ̀kẹ̀ yìí kan náà ni ó bá àwọn tí a kó lẹ́rú rékọjá òkun. Ní Cuba, eleke ni àwọn ọmọ òrìṣà ń pe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, etí Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ láti gbọ́ ọ. Idé ni wọ́n ń pe ti ọwọ́. Àwọ̀ ewé àti ti òféfèé ni wọ́n ń lò fún ti Ọ̀rúnmìlà, níbi tí ilé ń lo pípọ́n. Ní Bràsíìlì, àwọn ọmọ Candomblé ń fi àwọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ mọ òrìṣà ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, a tẹ abúlé Ọ̀yọ́túnjí dó ní 1970. Ní 2005 ni UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ní 2008 ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ọjà ìdè ti kúrò ní ti àdúgbò nìkan; àwọn tí ń wá a wà káàkiri ayé.

Àbọ̀ṣẹ́ lóde òní

Lónìí, orílẹ̀-èdè Ṣáínà ni púpọ̀ nínú ìlẹ̀kẹ̀ ọjà ti ń wá. Ó gba Èkó wọlé, ó dé Ìbàdàn, láti ibẹ̀ ni ó ti ń gun òkè wá sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí. Gíláàsì wà nínú rẹ̀, ọ̀rá wà nínú rẹ̀, òkúta tí a fi aró rẹ náà wà nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ kò pọ̀: abẹ́rẹ́, òwú ọ̀rá, àlùmọ́gàjí, ìkọ́ tí a fi ń dè é, àti iná kékeré tí a fi ń jó orí òwú kí ó má baà tú.

Àwọn tí ń ṣe é pọ̀, wọn kò sì jọra. Olùkọ́ wà nínú wọn, aránṣọ wà nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú wọn, àti ìyá tí ń ta gààrí lọ́jọ́ ọjà. Ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà ní Ìsẹ́yìn. Láti 2012 tí àjọ NYSC ti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kún ètò wọn, ìlẹ̀kẹ̀ sínsín ti wà lára ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ kí wọ́n tó tú ká sí ibi iṣẹ́ wọn. Ìsẹ́yìn kan náà ni ìlú aṣọ òfì. Ìyàwó tí ó bá ra òfì yóò wá ìlẹ̀kẹ̀ tí yóò bá a mu. Nípa bẹ́ẹ̀, ahunṣọ àti asínlẹ̀kẹ̀ ń jẹun nínú abọ́ kan.

Ibi tí bàtà ti ń ta asínlẹ̀kẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni ìṣirò. Yóò ka owó ìlẹ̀kẹ̀, yóò ka owó òwú àti ti ìkọ́, yóò ka owó ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà ka wákàtí tí ó fi jókòó. Nítorí pé àbọ̀ṣẹ́ ni, ó ń ro pé ọ̀fẹ́ ni àkókò òun. Nígbà tí oníbàárà bá wá mú èyí tí ẹ̀rọ ṣe wá ní ìdajì owó, òun náà yóò bu owó tirẹ̀ lulẹ̀, títí kò fi ní sí èrè mọ́. Bí lántànà ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí iṣẹ́ yìí gbó, ohun àkọ́kọ́ ni kí ó kọ owó iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí ó kéré ni, kí ó pọ̀ ni.

Àsìkò tí ọdún Ifá sábà máa ń bọ́ sí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo. Láàrin oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, ọ̀pọ̀ irè oko Òkè-Ògùn ṣì wà nínú ilẹ̀. Iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, owó sì ń ṣọ̀wọ́n nílé àgbẹ̀. Ohun tí a bá tà lórí àtẹ ní ọjọ́ ọdún lè jẹ́ owó ilé-ìwé tàbí owó àwọn tí yóò roko. Àlejò tí ó ná ìdè títí owó rẹ̀ fi wálẹ̀ kọjá ààlà lè máa rò pé òun gbọ́n. Oúnjẹ ẹnì kan ni ó ń bù kù.

Ohun tí ó yẹ kí a wò kí a tó rà

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà ní ibi ọdún, kí ó fi ọwọ́ kan ìlẹ̀kẹ̀ náà. Gíláàsì àti òkúta a máa tutù lọ́wọ́, wọn a sì wúwo. Ọ̀rá fúyẹ́, ó sì tètè ń móoru. Kí ó wo ihò rẹ̀ bóyá etí rẹ̀ mú, nítorí pé etí mímú ni ó máa ń gé òwú. Kí ó wo ìdí kókó tí a ta. Ìdè tí a fi rọ́bà sín rọrùn láti wọ̀, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í pẹ́ já. Òwú tí a dì dáadáa ni àwọn àgbà ń fẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó bi ẹni tí ń tà á bí a ti tò ó àti ìdí tí a fi tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó sín in fúnra rẹ̀ yóò ní ìdáhùn.

Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ẹ̀rọ lè ṣe ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti pípọ́n ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, a sì lè tà á fún gbogbo ayé láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú àwọn tí ó fọwọ́ kàn án gbọ́ orúkọ Ọ̀rúnmìlà rí. Bí àwọn ọmọ Awo bá ń ra irú rẹ̀ nìkan, ìdè kò ní tán lọ́jà. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń tò ó ni yóò tán.

Ọ̀nà sì wà. Ní ilẹ̀ Ghana, àwọn Krobo ń lọ ìgò fífọ́ lúbúlúbú, wọ́n ń sun ún nínú iná, wọ́n ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn àlejò ń wá rà láti ọ̀nà jíjìn. Ní Bídà, ní ilẹ̀ Nupe, ìdílé àwọn Masaga ti mọ bí a ti ń yọ́ ìgò ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́ láti ìran dé ìran. Ìgò kò wọ́n ní Òkè-Ògùn, èèpo èkùrọ́ kò sì wọ́n. Ìyá tí ó mọ lágídígba, bí ó bá ṣì wà ní ilé kan, òun ni ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìlẹ̀kẹ̀ lọ jókòó tì kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọwọ́ tí ó wà ní Igbó Olókun ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn kò kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti inú páálí tí ó ti òkun dé. Ohun tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí àwọn tí ń sín ìlẹ̀kẹ̀ jèrè iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kí okùn má ja lọ́wọ́ wọn, kí ẹ̀mí gbogbo ẹni tí ó dè é sì gùn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.